Táyà Tẹ́ẹ́rẹ́ Lẹ́sẹ̀ Lándirófà Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ táyà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí bàbá yín bá ra Lándirófà àtijọ́ kan, tó gbé e sẹ́yìn ilé níbí ní Seat Pleasant, ẹ mọ ìjà tó máa ń kọ́kọ́ dé. Ọmọ ní òun ń fẹ́ táyà tó fẹ̀ gbàgàdà, pẹ̀lú ríìmù tó ń dán. Bàbá ní kí wọ́n fi táyà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ló jàre? Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maurice Wilks, ọ̀gá nílé iṣẹ́ Rover, ń lo Jeep táwọn ológun fi sílẹ̀ lóko rẹ̀ ní Anglesey, nílẹ̀ Wales. Ó rí i pé ọkọ̀ náà wúlò fún àgbẹ̀, ló bá ní káwọn náà ṣe tiwọn. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1948 ni wọ́n gbé Lándirófà àkọ́kọ́ jáde fáráyé rí ní Amsterdam. Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.00-16, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Jeep. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà náà fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 6, ríìmù tó ń wọ̀ sì jẹ́ ínṣì 16. Nígbà tí èyí tó gùn, tí wọ́n ń pè ní 109, dé, 7.50-16 ni wọ́n sábà máa ń fi sí i.

Ẹ wá fọkàn lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà láyé ọjọ́un. Ọ̀dà ò tíì dé ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko kòkó. Bí òjò oṣù Kẹfà bá rọ̀, ilẹ̀ pupa á di ẹrọ̀fọ̀. Lándirófà làwọn awọnlẹ̀, ọlọ́pàá àtàwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń gbé gba ibẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn náà ń to Lándirófà níbẹ̀.

Kí ni táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣe nínú ẹrọ̀fọ̀? Ẹ fi ọ̀bẹ àti pátákó wé e. Ọ̀bẹ á gé ẹrọ̀fọ̀ kọjá, á kan ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀. Pátákó á léfòó sókè, á sì máa yọ̀. Nínú yanrìn aṣálẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: èyí tó fẹ̀ ló dáa níbẹ̀, torí yanrìn ò ní ìsàlẹ̀ líle tí èèyàn máa kàn. Nítorí náà, kì í ṣe àìlówó ló jẹ́ kí táyà àwọn bàbá wa tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ló yàn án fún wọn.

Ọ̀nà tiwa níbí ńkọ́? Martin Luther King Jr. Highway tí ẹ ń gbà kọjá ní Seat Pleasant, ojú irin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1935 ni ọkọ̀ ojú irin náà kásẹ̀ ńlẹ̀, tí ọ̀nà mọ́tò sì gba ipò rẹ̀ nígbà tó yá. Ọ̀dà la ń rìn báyìí, àti yìnyín nígbà òtútù. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń di yìnyín mú dáadáa pẹ̀lú.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Lándirófà àtijọ́ wọ̀nyí ò ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí sítíárìn. Bí táyà bá fẹ̀ jù, apá yín ló máa sọ fún yín. Bó bá ga jù, aago tó ń ka eré ọkọ̀ á máa purọ́: ẹ ó máa sáré ju ohun tó ń kà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ táyà ìgbàlódé, gíga 235/85R16 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti 7.50-16 mu. Bó bá sì jẹ́ ríìmù àtijọ́ tí wọ́n fi ìṣó kàn pọ̀ ni, ẹ fi tíúbù sínú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó jáde. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù máa ń jẹ irin, nítorí náà ẹ fọ ríìmù, kí ẹ sì kùn ún.

Bàbá jàre dé ibẹ̀ yẹn. Àmọ́ ibì kan wà tí ọmọ ti jàre. Michelin ṣe táyà ní Port Harcourt títí di ọdún 2007. Dunlop ṣe é ní Ìkẹjà, ó sì dáwọ́ dúró lọ́dún 2008, nígbà tí owó iná àti táyà òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà mú iṣẹ́ náà le. Tókùnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá gbára lé. Ìyẹn ló jẹ́ kí bàbá máa wo ara táyà pé, "Kò tíì pá, ó ṣì dáa." Rọ́bà máa ń gbó láìrìn. Táyà tó ti wà lẹ́yìn ilé fún ọdún 15 lè ní gbogbo eyín ẹ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ kó bẹ́ lórí eré.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí bàbá yan ìwọ̀n, kí ọmọ ka ọjọ́ orí. Ọkọ̀ náà á gbé yín lọ, á sì gbé yín bọ̀. Ó dìgbà o.