Gbígba Àwọ̀ Padà Lọ́wọ́ Òkun

Ìtàn bí àwọn ayàwòrán ṣe ń gba àwọ̀ padà lọ́wọ́ òkun ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Àkópọ̀ onírúurú àwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí ó ti ń wọ inú omi lọ, pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì. Ní ìwọ̀n mítà 10, díẹ̀ péré ni ó ń kù. Ìdí nìyí tí ẹja pupa fi ń dà bí ohun tí a rẹ sínú aró nínú àwòrán.

Ní ọdún 1893, Louis Boutan ya àwòrán lábẹ́ òkun ní Banyuls-sur-Mer, ní ilẹ̀ Faransé. Dúdú òun funfun ni àwòrán tirẹ̀, nítorí náà ọ̀ràn àwọ̀ kò tíì yọjú. Ọdún 1926 ni ó yọjú, nígbà tí William Longley àti Charles Martin lọ sí Dry Tortugas, ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dígí autochrome tí wọ́n lò lè gba àwọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni ó ń fẹ́. Wọ́n kó ìyẹ̀fun magnesium, tí ń bú gbàmù bí ẹ̀tù, sórí ohun kan tí ó léfòó lójú omi. Wọ́n ń tanná ràn án bí wọ́n ti ń ya àwòrán. Ìwé ìròyìn National Geographic tẹ àwòrán wọn jáde ní oṣù kìíní ọdún 1927.

Lẹ́yìn wọn, àwọn ayàwòrán gbé iná mànàmáná wọ inú omi, súnmọ́ ohun tí wọ́n ń yà. Ṣùgbọ́n iná kì í tàn jìnnà níbẹ̀. Bí a bá sì kàn da pupa lé gbogbo àwòrán lórí, ẹja tí ó wà nítòsí yóò pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, èyí tí ó jìnnà kò ní í pọ́n tó. Ní ọdún 2019, Derya Akkaynak àti Tali Treibitz gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní Sea-thru: kọ̀ǹpútà yóò ṣírò bí ohun kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí ẹ̀rọ ayàwòrán tó, kí ó tó yọ iṣẹ́ ọwọ́ omi kúrò.

Ǹjẹ́ ẹwà nìkan ni a ń wá bí? Rárá o. Ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn inú òkun. Bí omi bá gbóná jù, ó ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀, a sì funfun. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ ṣe àwòrán rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lè sọ iyùn tí ń ṣàìsàn di èyí tí ara rẹ̀ le. Ẹni tí ó ṣírò jìnnà-òun-súnmọ́ ń tún nǹkan ṣe. Ẹni tí ó ń tẹ̀lé ìfẹ́ ojú rẹ̀ ń kun ọ̀dà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí àwòrán abẹ́ òkun tí ó rẹwà, ẹ bèèrè ohun tí a fi wọn àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á bí ẹ̀rí.