Báàsì Tí Páálí Kò Dárúkọ: Ọ̀nà Mìíràn Láti Pín Àwo Jáàsì Ọ́gáànù sí Ìsọ̀rí

Ìbéèrè kan wà tí páálí àwo jáàsì ọ́gáànù kì í sábà dáhùn, tí àwọn tó ń kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ kì í sì í sábà bèèrè: ta ló ń gbé báàsì? Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó tẹ ọ́gáànù, orúkọ onígìtá, ti onísakisofóònù àti ti onílù sẹ́yìn páálí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo wọ̀nyí, orúkọ oníbáàsì kan kò sí níbẹ̀. Àwọn olùkójọ ka àìsí orúkọ yìí sí ohun tí kò ní ìtumọ̀, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí jiyàn pé àìsí orúkọ náà gan-an ni ẹ̀rí tó wúlò jù lọ lára páálí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ pín àwo jáàsì ọ́gáànù sí ìsọ̀rí, tàbí tó kàn fẹ́ jókòó gbádùn rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwọn aṣáájú fi lélẹ̀

Ìwé tí Frederick Cohen gbé jáde ní 2010 lórí bí a ṣe ń dá àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ àwọn àwo iléeṣẹ́ Blue Note mọ̀ ti di atọ́nà fún àwọn olùkójọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Nípasẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni olùkójọ fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín bébà àárín àwo tó ní àdírẹ́sì 47 West 63rd àti èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó fi ń wá àmì P tó jọ etí tí iléeṣẹ́ Plastylite máa ń fín sẹ́bàá àárín àwo, tó sì ń wo ibi tí Rudy Van Gelder, ẹni tó gba ohùn àwọn àwo náà sílẹ̀, fi orúkọ rẹ̀ sí. Kò sí àríyànjiyàn lórí òtítọ́ àwọn àmì wọ̀nyí. Ohun tó fa àríyànjiyàn ni ìlò tí àwọn tó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lò ó, tí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀rí nípa ìgbà àti ibi tí wọ́n ti tẹ àwo di òṣùwọ̀n fún orin tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ àdírẹ́sì orí bébà ti mọ ọjọ́ orí àwo, kò tíì mọ ìwà rẹ̀. Etí tí a fín sára àwo kò sì lè dípò etí tó wà lára olùgbọ́.

Èrò kejì tó gbilẹ̀ ni pé ìtàn jáàsì ọ́gáànù bẹ̀rẹ̀ ní 1956, nígbà tí Jimmy Smith, ọmọ ìlú Norristown ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Blue Note. Èrò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ dé ibì kan, ṣùgbọ́n ó fọ́ ojú wa sí ohun tí Smith yí padà ní ti gidi. Fats Waller ti tẹ ọ́gáànù sínú àwo ní Camden, ní New Jersey, láti àárín àwọn ọdún 1920, Wild Bill Davis sì ti ń kó ẹgbẹ́ olórin lẹ́yìn pẹ̀lú ọ́gáànù kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Smith. Ó jọ pé kì í ṣe ọ́gáànù ni Smith mú wọnú jáàsì. Bí a bá wo ó dáadáa, báàsì ló mú wọnú ọ́gáànù lọ́nà tuntun.

Ìyàtọ̀ mẹ́ta

Ọ́gáànù Hammond, tí Laurens Hammond gbé jáde ní ìlú Chicago ní 1935, kò ní fèrè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bí dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wílì irin kéékèèké tí mọ́tò ń yí níwájú mágínẹ́ẹ̀tì ni ohùn rẹ̀ ti ń wá. Àwòṣe B-3, èyí tí àwọn olórin jáàsì fẹ́ràn jù, ní ìlà kíì méjì fún ọwọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kíì 61, ó sì ní pẹ́dà 25 fún ẹsẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ohùn ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní báàsì lè gbà wọ àwo ọ́gáànù, àwọn ibi mẹ́ta yìí ni àpilẹ̀kọ yìí sì gbé ìpínsísọ̀rí rẹ̀ lé.

Àkọ́kọ́ ni báàsì ọwọ́ òsì, níbi tí ọwọ́ òsì atẹdùùrù ti ń rìn lórí ìlà kíì ìsàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò sì ṣe ju kó kan pẹ́dà fẹ́rẹ́ lọ. Ìlànà Smith nìyí nínú orin tó ń sáré. Èkejì ni báàsì ẹsẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbé báàsì pátápátá, tí ọwọ́ méjèèjì sì wà lómìnira. Rhoda Scott, ọmọ pásítọ̀ láti New Jersey tó ti ń gbé ní ilẹ̀ Faransé láti ìparí àwọn ọdún 1960, tó sì máa ń bọ́ bàtà kó tó jókòó sídìí ọ́gáànù, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ẹ̀kẹta ni báàsì okùn, níbi tí oníbáàsì kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́gáànù, bí George Duvivier ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shirley Scott nínú àwọn àwo *Cookbook* tí Eddie "Lockjaw" Davis ṣe fún iléeṣẹ́ Prestige ní 1958.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyàtọ̀ yìí kò ju ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ, pé báàsì ni báàsì ń jẹ́. Àṣìṣe pátápátá ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ohùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń parí. Okùn tí ìka bá ta máa ń dún kíkan lẹ́ẹ̀kan, lójú ẹsẹ̀ náà ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ohùn ọ́gáànù kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí kíì, ohùn dúró ní ìwọ̀n kan náà, ìgbà tí ìka bá gbéra ló tó dákẹ́. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn ni oníbáàsì olókùn fi ń darí ìrìn orin, nígbà tí atẹdùùrù ń fi òpin rẹ̀ darí. Bí ìka bá pẹ́ díẹ̀ jù kó tó gbéra, orin á wúwo, bí ó bá sì tètè gbéra, orin á fò sókè. Èyí ló fà á tí ìtàpẹ́dà Smith fi ṣe pàtàkì: ẹsẹ̀ tó ń kan pẹ́dà fẹ́rẹ́ ní àkókò kan náà tí ìka bọ́ sórí kíì ń fún ohùn tí kò ní orí ní orí, débi pé olùgbọ́ ń gbọ́ títa okùn níbi tí okùn kò sí. Nínú orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ kan náà lè gba báàsì ní kíkún, kí àwo kan ṣoṣo sì wà ní ìsọ̀rí méjì láti orin kan sí èkejì.

Etí tí ìlù dùndún tọ́ dàgbà ti ní ohun tí yóò fi gbọ́ ìyàtọ̀ yìí. Gúdúgúdú a dún, a sì pa ẹnu dé kíá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀pá bá ti kan ìyáàlù, ọwọ́ tó ń fún ọṣán ṣì lè tẹ ohùn síbí tàbí sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ kò parí ní ibi tí ọ̀pá ti kan awọ, kò ní ṣòro fún un láti gbọ́ pé iṣẹ́ báàsì ọ́gáànù kò parí ní ibi tí ìka ti kan kíì.

Ẹ̀rí oṣù Òkúdù ọdún 1961

Ẹ̀rí kan wà tí ìjiyàn yìí dúró lé, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn olùkójọ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ìdí mìíràn pátápátá. Nínú oṣù Òkúdù ọdún 1961, Shirley Scott lórí ọ́gáànù àti Stanley Turrentine lórí sakisofóònù, pẹ̀lú Roy Brooks lórí ìlù, wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ Van Gelder ní Englewood Cliffs lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí pé Scott ń ṣiṣẹ́ fún Prestige, tí Turrentine sì ń ṣiṣẹ́ fún Blue Note, ẹni tó bá jẹ́ àlejò a máa yí orúkọ rẹ̀ padà: Turrentine di "Stan Turner" lórí *Hip Soul* tí Prestige gbé jáde, Scott sì di "Little Miss Cott" lórí *Dearly Beloved* tí Blue Note gbé jáde. Ọ̀rọ̀ orúkọ ìbojú yìí ni àwọn olùkójọ fẹ́ràn láti máa tún sọ. Ohun tí wọ́n fojú fò ni pé Herbie Lewis wà lórí *Hip Soul* pẹ̀lú báàsì rẹ̀, tí kò sì sí oníbáàsì kankan lórí *Dearly Beloved*.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ìtàn orin fúnni ní ìdánwò tó mọ́ báyìí. Atẹdùùrù kan náà ni, onísakisofóònù kan náà, onílù kan náà, yàrá kan náà, oṣù kan náà, nínú àwọn tó ṣeré, oníbáàsì nìkan ló yàtọ̀. Lórí *Hip Soul*, ọwọ́ òsì Scott bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, ó sì lè kó ohùn púpọ̀ jọ sẹ́yìn sakisofóònù. Lórí *Dearly Beloved*, òun nìkan ló gbé ìsàlẹ̀ àti àárín, ohùn sì di fífúyẹ́, débi pé àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín Turrentine àti ìlù di apá kan orin náà. Ó ṣeé ṣe kí yíyan orin wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí, kí ìfẹ́ ọkàn iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí a tilẹ̀ yọ ìwọ̀nyí kúrò, ó ṣòro láti gbà pé ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe iṣẹ́ báàsì.

Àwo kejì tún ti ìjiyàn náà lẹ́yìn, ó sì rọrùn láti yẹ̀ wò nítorí pé ojú méjèèjì àwo kan ṣoṣo ló wà. Lójú àkọ́kọ́ *Bashin'*, tí Smith ṣe fún iléeṣẹ́ Verve ní 1962, ẹgbẹ́ olórin ńlá tí Oliver Nelson to orin fún ló tẹ̀ lé e, Duvivier sì wà lórí báàsì. Lójú kejì, Smith padà sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta pẹ̀lú Quentin Warren lórí gìtá àti Donald Bailey lórí ìlù. Ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú kan sí èkejì yóò gbọ́ ọkùnrin kan náà bí ẹni méjì.

Ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ kan: Sowande àti báàsì ṣọ́ọ̀ṣì

Níbí ni ọ̀rọ̀ Fela Sowande, atẹdùùrù ọmọ Yorùbá, ti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí kan lọ́tọ̀ ló yẹ ẹ́. Kí Smith tó ṣe àwo kankan ni Sowande, tí T. K. E. Phillips tọ́ nídìí dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, ti ń tẹ ọ́gáànù Hammond ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1930 lẹ́yìn akọrin Adelaide Hall. Akọrin kan náà yìí ló kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1938, tí Waller sì ń tẹ ọ́gáànù lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1943, Sowande gba oyè ẹgbẹ́ atẹdùùrù ọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ pẹ́dà dunjú. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àpilẹ̀kọ yìí wọ̀n ọ́n, ìran báàsì ẹsẹ̀ ni Sowande àti Waller ti wá, ìran tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, tí Rhoda Scott sì ń gbé ró. Bí àwọn òpìtàn ṣe ń fi ọdún 1956 bẹ̀rẹ̀ ìtàn jáàsì ọ́gáànù kì í ṣe àṣìṣe kékeré, nítorí ó gé ìran kan kúrò lódidi, ó sì yọ ọmọ Yorùbá kan tó tò níwájú kúrò lórí ìlà.

Lórí ipò àwo àti iye owó

Kò pọ̀ ohun tí a fẹ́ sọ lórí èyí. Báàsì ọ́gáànù ń gbẹ́ ipa tó gbòòrò sára àwo, abẹ́rẹ́ tó ti gbó sì lè ba ipa àwo jẹ́. Olùkójọ tí owó rẹ̀ kò ká àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ kò pàdánù nǹkan tó pọ̀ bí àtẹ̀jáde tó rí rà bá mọ́ ní ìsàlẹ̀ ohùn.

Àgbálọgbábọ̀

A lè wá sọ ọ́ láìfẹnu méjì sọ̀rọ̀ pé ìtàn bí iṣẹ́ báàsì ṣe kúrò lára ènìyàn kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn ni ìtàn jáàsì ọ́gáànù, láti ẹsẹ̀ atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì Smith, láti ọwọ́ òsì náà sọ́dọ̀ Duvivier àti Lewis, kó sì tún padà. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta rọ ilé ìgbafẹ́ lọ́rùn láti sanwó fún ju ẹlẹ́ni-mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó nìkan kò ṣàlàyé ohun tí etí ń gbọ́. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí olùkójọ kọ̀ọ̀kan fi òpó kan kún ìwé àkójọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àdírẹ́sì àti òpó àmì etí, kó sì kọ síbẹ̀, fún orin kọ̀ọ̀kan, bóyá ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀ tàbí okùn ló gbé báàsì. Nígbà tó bá dé orí *Unity*, tí Larry Young gbà sílẹ̀ ní 1965 pẹ̀lú Woody Shaw, Joe Henderson àti Elvin Jones, orúkọ mẹ́rin péré ni yóò rí lẹ́yìn páálí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún ni yóò gbọ́, yóò sì mọ ara ẹni tí iṣẹ́ karùn-ún wà.