Ipa àwọn àtìpó nínú ọrọ̀ ajé Ghánà

Ipa àwọn àtìpó nínú ọrọ̀ ajé Ghánà ni ọ̀nà tí iṣẹ́ àti òwò àwọn tó wá láti ilẹ̀ mìíràn gbà ran ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba lé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde ní ọdún 1969. Ètò ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.7 ènìyàn tó ń gbé ní Ghánà, nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni orírun wọn wà ní òkèèrè. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti Tógò, Nàìjíríà àti Upper Volta, tó ń jẹ́ Burkina Faso lónìí. Àwọn Yorùbá tó wà láàárín wọn lé ní 100,000.

Ìtàn yìí wúlò fún ẹ̀kọ́ nípa ìṣíkiri nítorí pé ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ náà ló hàn nínú rẹ̀: ohun tí àtìpó ń fi kún ìmújáde nígbà tó bá wọlé, àti àlàfo tó ń ṣí sílẹ̀ nígbà tó bá jáde. Ìmújáde òṣìṣẹ́ ni iye ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè ṣe jáde láàárín àkókò kan. Agbára òṣìṣẹ́ náà nìkan kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń ro, àsìkò tó fi ń ṣiṣẹ́, owó tó fi ń ṣòwò àti àwọn tó bá a ṣe pọ̀ wà lára ohun tó ń pinnu rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oko kòkó

Ní ọdún 1879 ni Tetteh Quarshie mú kóró kòkó láti erékùṣù Fernando Po wá sí Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ghánà nígbà náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1911, Gold Coast ti di ilẹ̀ tó ń mú kòkó jáde jù lọ ní àgbáyé. Polly Hill, nínú ìwé rẹ̀ The Migrant Cocoa-Farmers of Southern Ghana tó jáde ní ọdún 1963, fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ gbin kòkó lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá àwọn ará Akwapim, ló ṣí kúrò ní ìlú wọn lọ ra ilẹ̀ igbó ní Akim Abuakwa. Nítorí náà, ìṣíkiri ti wà nínú iṣẹ́ kòkó kí àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè tó dé.

Bí oko ṣe ń gbòòrò, iṣẹ́ ju agbára ìdílé lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti apá àríwá Gold Coast àti láti àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Iṣẹ́ àfipáṣe, tí Faransé kò fòpin sí ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí títí di ọdún 1946, wà lára ohun tó lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé.

Àsìkò àti ìmújáde

Ní ilẹ̀ Upper Volta, oṣù díẹ̀ ni òjò fi ń rọ̀ lọ́dún. Lẹ́yìn ìkórè ọkà bàbà àti jéró, iṣẹ́ oko dẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni kòkó ń pọ́n ní gúúsù Ghánà, tí wọ́n ní láti ká a, kí wọ́n là á, kí wọ́n fi ewé bò ó títí yóò fi kan, kí wọ́n sì sá a sóòrùn. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá dilẹ̀ ní abúlé rẹ̀ wá di ẹni tó ń ṣe ohun tí ọjà àgbáyé ń rà. Kò lágbára ju ti àná lọ; ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló yí padà, ìmújáde rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gba owó iṣẹ́ ọdún. Àwọn mìíràn wà nínú ètò abusa ti àwọn Akan, nínú èyí tí olùtọ́jú oko ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí oko bá mú wá. Bí oko bá so dáadáa, ìpín olùtọ́jú a pọ̀ sí i. Nítorí náà, kò ní láti dúró de ẹni tí yóò rán an létí pé koríko ti bo ìdí igi. Ètò yìí jẹ́ kí onílẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ lè rí òṣìṣẹ́, ó sì jẹ́ kí àtìpó tí kò nílẹ̀ rí ibi lo agbára rẹ̀.

Àwọn Yorùbá nínú òwò

Òwò ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá ń ṣe ní Ghánà. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ṣakí àti Ìgbòho. Wọ́n wà ní Accra, Kumasi àti Tamale, wọ́n sì dé àwọn ìlú kéékèèké ní àríwá. Ọ̀pọ̀ ń gbé ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, tó jọ Sábó ní ìlú Ìbàdàn. Àwọn ará gúúsù Ghánà ń pè wọ́n ní Alata, orúkọ yìí sì wà lára alata samina, orúkọ tí wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú níbẹ̀ títí di òní. J. S. Eades kọ ìwé Strangers and Traders, tó jáde ní ọdún 1993, nípa àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní àríwá Ghánà.

Iṣẹ́ alárọ́bọ̀ yìí ní ipa tirẹ̀ nínú ìmújáde. Oníṣòwò ra ọjà lódindi lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ó sì tà á ní wẹ́wẹ́ fún àgbẹ̀ tí kò lè rà ju ọ̀pá aṣọ mélòó kan tàbí abọ́ kan lọ. Ó ń tà láwìn títí di ìgbà tí owó irè oko yóò fi wọlé, ó sì ń gbé ọjà dé àwọn abúlé tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè dé. Ọmọ tàbí àbúrò a tẹ̀ lé e láti ilé, yóò bá a tajà fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn èyí ni yóò gba owó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Owó òwò, ìmọ̀ nípa ọjà àti ìgbẹ́kẹ̀lé ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn láìsí ilé-ìfowópamọ́ níbẹ̀.

Àṣẹ ọdún 1969

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Alákóso Àgbà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn tó ṣe àtìlẹ́yìn fún àṣẹ náà ní àìríṣẹ́ṣe ń pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Ghánà, pé àwọn àjèjì ló gba òwò wẹ́wẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àti pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ń dín owó orílẹ̀-èdè kù. Ní ọdún 1970, òfin mìíràn tẹ̀ lé e tó fi àwọn òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Ghánà nìkan.

Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tó jáde. Àwọn kan nínú wọn ni a bí sí Ghánà tí wọn kò mọ ilé mìíràn. Ọ̀pọ̀ fi ilé, ọjà àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó padà sí Nàìjíríà bá ogun abẹ́lé níbẹ̀, nítorí ogun náà kò parí títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970.

Ohun tó tẹ̀ lé e

Àwọn ọmọ Ghánà kan rí ìsọ̀ gbà nínú ọjà, èyí sì jẹ́ èrè fún wọn. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ nìkan kọ́ ni òwò. Ẹni tó gba ìsọ̀ kò gba owó òwò, àwọn oníbàárà àwìn àti ọ̀nà ìrajà tí ẹni tó kúrò níbẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́.

Ní oko kòkó, òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n. Igi kòkó kì í so títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì lè so fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nítorí náà, oko tí a kò ro, tí a kò sì fi igi tuntun rọ́pò èyí tó gbó nínú rẹ̀, kì í fi ìpalára rẹ̀ hàn ní ọdún kan náà. Ní sáà 1964/65, Ghánà mú kòkó tó lé ní 550,000 tọ́ọ̀nù jáde. Ní sáà 1983/84, kò pé 160,000 tọ́ọ̀nù.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi yìí ru àṣẹ ọdún 1969. Owó tí àjọ ìjọba ń san fún àgbẹ̀ kéré, iye tí ìjọba so mọ́ owó sídì ga ju bó ṣe rí ní ọjà lọ, fàyàwọ́ kòkó lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbe Ghánà pọ̀, igi gbó, ọ̀dá àti iná sì jó ọ̀pọ̀ oko ní ọdún 1983. Ìlélọ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tó pa pọ̀, ó sì mú kí ó ṣòro fún àgbẹ̀ láti fara da àwọn yòókù.

Ìfiwéra pẹ̀lú Côte d'Ivoire

Côte d'Ivoire, tí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ rẹ̀ jọ ti Ghánà, gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọba Félix Houphouët-Boigny ṣí ilẹ̀ igbó sílẹ̀ fún àwọn àtìpó láti Upper Volta àti Málì, ó sì gbé èrò kan kalẹ̀ pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ín. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò, ṣòwò ní Abidjan. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Côte d'Ivoire gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Ghánà nínú ìmújáde kòkó, ipò náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà yìí náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn àtìpó ní oko, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ dúró lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí ètò ìkànìyàn ọdún 1998 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùgbé jẹ́ àjèjì, òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún kan náà fi níní ilẹ̀ abúlé mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ìjà lórí ilẹ̀ àti lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ onílùú wà lára ohun tó fa ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002.

Ìlélọ láti Nàìjíríà àti òfin òde òní

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà. Ó ju mílíọ̀nù kan ọmọ Ghánà lọ tó padà sílé. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé wà nínú wọn. Láti ìgbà náà ni báàgì tí wọ́n fi di ẹrù ti ń jẹ́ Ghana Must Go lẹ́nu àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba ìwé ìwọ̀lú fún 90 ọjọ́, pé lẹ́yìn náà ni ẹ̀tọ́ ìgbélùú àti ẹ̀tọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, òfin ìdókòwò Ghánà ti ọdún 2013 fi títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Ghánà, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ òwò àjèjì kó owó tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là wá. Ìforígbárí láàárín òfin yìí àti àdéhùn ECOWAS ló wà lẹ́yìn títì tí wọ́n ń ti ìsọ̀ àwọn oníṣòwò Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí.