Kí Ni Mo Jí?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí èèyàn bá rìn títí láti ìlú wa, Ìkún-Àkókó, Èdó tàbí Kogí ló máa já sí, kì í ṣe ilẹ̀ Faransé. Síbẹ̀ bodè Kútọnu wọ ilé wa. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń ta òkìrìkà lọ́jà Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gba béélì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a kó ọjà bọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, kí ni mo jí?"

Mi ò rí èsì fún un. Ìtàn ni mo lọ ń kà.

Ẹ má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní owó ibodè o. Ìlú tó bá ti ní odi, oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Oníṣòwò á sọ ẹrù kalẹ̀, á sọ ohun tó rù, á ka owó ẹyọ, á kọjá. Ní 1865, ẹgbẹ́ Egba United Board of Management tí G. W. Johnson ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí ọjà tó ń jáde l'Abẹ́òkúta. Inú gómìnà òyìnbó Èkó ò dùn sí i rárá. Kí ló dé? Owó ibodè lòun náà fi ń jẹun! Oníbodè àtijọ́ kì í ṣe áńgẹ́lì ṣá. Àwọn Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Èkó títí ogun òyìnbó fi ká wọn mọ́lé ní 1892.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnu ìlú ni oníbodè ìgbà yẹn ń jókòó sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Paris, wọ́n fa ìlà gba àárín wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaròó sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ di ẹni tó ń ti òkèèrè bọ̀, iṣu tó gbé dání sì di ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ò bá fẹ́ san nǹkan kan á gba inú igbó. Fàyàwọ́ nìyẹn.

Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ti 1958, tí ti 2023 wá rọ́pò, ò le láti yé èèyàn: gba ọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí, bíi Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò, fi ẹrù rẹ hàn, kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ṣírò owó rẹ̀, wàá san án, wọ́n á tú ẹrù sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òkìrìkà wà lára ọjà tí wọ́n kà léèwọ̀. Kò sí iye tí àǹtí mi lè san. Bó bá lọ jẹ́wọ́ ẹrù náà, ó ti fi lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ní 2016 wọ́n ní ìrẹsì ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nígbà tí 2017 bẹ̀rẹ̀, ó kan mọ́tò. Ní oṣù kẹjọ 2003, wọ́n ti bodè Bẹ̀nẹ̀ pa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n tún tì í, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo to gbogbo rẹ̀ fún àǹtí mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ìwé yẹn sọ ohun tí mo máa tà?"

Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, kí n wá bá òun gbé béélì tó kù wọlé, òjò ń bọ̀.