Ọ̀mùtí Inú Àgbá Epo

Bí mo bá bi yín pé kí ni ó ń mu epo alùpùpù, ẹ ó dáhùn pé ẹ́ńjìnnì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí kejì wà tí ojú kì í rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà kan ṣe bá a jà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, nígbà tí ogun ń jà láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí ó ní epo kọ̀ láti tà á fún Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀, owó epo rọ̀bì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìjọba ṣòfin pé kí ọkọ̀ má ṣe sáré ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan. Ní ọdún 1979, ìjọba dojú dé ní ilẹ̀ Ìráànì, epo tún wọ́n. Ní California, nọ́ńbà ọkọ̀ ni a fi ń pín ọjọ́ tí olúkúlùkù lè ra epo. Báwo ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe dé ibi iṣẹ́?

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Craig Vetter, tí ó ti ń ṣe ìbòjú tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá ẹni tí ó gun alùpùpù láyà, dá ìdíje sílẹ̀ ní ọdún 1980. Kì í ṣe ẹni tí ó yára jù ni yóò borí, bí kò ṣe ẹni tí ó fi epo díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Bóyá ẹ ó fẹ́ táyà kí ó le, ẹ ó fi òróró sí ṣéènì, ẹ ó pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, kí ẹ́ńjìnnì lè dẹ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí agboòrùn, ẹ dojú rẹ̀ kọ iwájú, kí ẹ wá sáré. Ẹ ó mọ ọ̀mùtí tí mo ń wí: afẹ́fẹ́ ni. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó jókòó ṣánṣán lórí alùpùpù, agboòrùn ni òun fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe rẹ ìjókòó sílẹ̀, tí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, tí wọ́n sì fi èèpo fẹ́lẹ́ bo ènìyàn àti alùpùpù pọ̀. Wọ́n tún ṣe ìrù fún un. Ẹ wo ẹja àrọ̀: orí rẹ̀ tóbi, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín, omi sì ń pa padé lẹ́yìn rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọdún 1985, ìṣirò fi hàn pé gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan lè gbé alùpùpù kan rin máìlì 470. Èyí tó nǹkan bí kìlómítà 200 sí lítà kan: ẹ gbéra l'Èkó, ẹ dé Ìbàdàn, epo kò ì tíì tán!

Ní ọdún 1986, epo rọ̀bì di ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀yin má ṣe gbàgbé. Àtúnṣe kan wà tí kò ná alálùpùpù ní kọ́bọ̀: kí ó dín eré kù. Epo yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ náà yóò sì gùn. Ọgbọ́n ju agbára lọ.