Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lórí òkè: àṣẹ onílẹ̀ ló ṣáájú ọkọ́ àti àdá

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà lẹ́yìn odi ló ń gbé níbi tí òkè pọ̀ sí, bíi Jos, Mambilla àti Obudu. Tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ bá wá sí ìpàdé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sórí òkè ìtòsí, kí ni kí àwọn àgbà sọ fún wọn? Kì í ṣe Maruwa là ń wí o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tó ń gba orí òkúta àti gbòǹgbò igi kọjá. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ la kó jọ síbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ Marin County ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè di eré ìdárayá láàárín ọdún 1970 sí 1979. Kò pẹ́ tí awuyewuye fi dé. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun ẹṣin ní eré àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti pọ̀ jù, wọ́n ń dẹ́rù ba àwọn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà mọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ní California para pọ̀ dá ẹgbẹ́ IMBA sílẹ̀ ní 1988. Ẹgbẹ́ náà ń bá àwọn tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń la ọ̀nà tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́.

Ta ló ni ilẹ̀?

Nínú ìwé, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní agbára lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Àmọ́ àwa náà mọ̀ pé ìwé nìkan kọ́ ni. Lójú ayé, òkè tí ẹ rò pé kò lólówó, ẹnì kan ń ṣẹ́gi níbẹ̀, ẹnì kan ń da màlúù kọjá níbẹ̀, ìdílé kan sì lè ní ojú oórì tàbí ojúbọ níbẹ̀. Kò dáa kó jẹ́ pé àlejò ni yóò kọ́kọ́ fi ọkọ́ kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olórí àdúgbò, mai unguwa tí ẹ bá wà nílẹ̀ Hausa. Ẹ ní kó mú yín mọ àwọn tó ń dáko, àwọn darandaran àtàwọn obìnrin tó ń pọnmi. Ẹ bá gbogbo wọn rìn kiri òkè náà. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tí ọ̀nà gbà, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí onílẹ̀ bá yí ọkàn padà.

Omi ni ọ̀tá ọ̀nà

Kì í ṣe táyà ló ń ba ọ̀nà òkè jẹ́ jù, omi òjò ni. Tí ẹ bá la ọ̀nà ní tààrà láti ìsàlẹ̀ lọ sí ṣóńṣó òkè, ẹ ti la odò nìyẹn. Òjò ọdún kan péré lè gbẹ́ ẹ di kòtò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kí omi lè dá a kọjá dípò kó máa bá a lọ.

Àwọn òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò nìyí:

1. Kí gígùnkè ọ̀nà má ju ìdajì gígùnkè ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Tí òkè bá fi mítà 16 ga sí i láàárín mítà 100, kí ọ̀nà má fi ju mítà 8 lọ.

2. Tí ẹ bá ṣírò gbogbo ọ̀nà pọ̀, kí gígùnkè rẹ̀ má ju mítà 10 nínú 100 lọ.

3. Kí ojú ọ̀nà dà díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ òkè, bíi ìdá 5 nínú 100, kí omi lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀.

4. Láàárín mítà 6 sí 15, kí ọ̀nà tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè. Ibẹ̀ ni omi yóò ti yà kúrò.

5. Inú ilẹ̀ tó le ni kí ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà sí. Ẹ má kó yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ jọ sí etí kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà, yóò ya lulẹ̀.

Fóònù yín lè bá yín wọn bí ilẹ̀ ṣe dà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ náà kò dáa, nítorí omi á dúró síbẹ̀, yóò sì di ẹrẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ fi aṣọ pupa pẹlẹbẹ so mọ́ igi láti fi ààlà hàn, kí àwọn onílẹ̀ tún wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀

Ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì, dígà àti réèkì ti tó. Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa, ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ní láti se oúnjẹ. Ẹ má fi mọ sáàárín ọmọ Yorùbá nìkan, ẹ pe ọ̀dọ́ ìlú tí ẹ wà. Ẹni tó bá bá yín gbẹ́ ọ̀nà kò ní í bá yín dí i.

Ẹ má sì ṣe ayẹyẹ ìṣílé kí ẹ wá tú ká. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ rin ọ̀nà náà, kí ẹ kó ewé àti yẹ̀pẹ̀ tó dí ojú omi kúrò. Tí táyà bá ń rì sínú ẹrẹ̀, ẹ ti ọ̀nà pa títí yóò fi gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn máa yà fún ẹrẹ̀, nítorí bí ọ̀nà tóóró ṣe ń fẹ̀ wọnú oko olóko nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vermont

Ní abúlé East Burke, ìpínlẹ̀ Vermont, Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kingdom Trails. Láti 1994 ni wọ́n ti ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà wọn lé ní máìlì 100, orí ilẹ̀ àwọn aládàáni tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ló sì gbà. Àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí kàn yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn ni. Òfin Vermont sì ń dáàbò bo onílẹ̀ tó yọ̀ǹda ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá ṣubú má baà gbé e lọ sílé ẹjọ́ bó ṣe wù ú. Àwọn àlejò ń wá, ọjà ń tà ní abúlé.

Àmọ́ àlejò ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní ìparí 2019, mẹ́ta nínú àwọn onílẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ àwọn mọ́. Wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé, ilẹ̀ wọn ni. Bí àwọn kan nínú ọ̀nà tí èèyàn fẹ́ràn jù ṣe lọ nìyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ náà ò torí ẹ̀ bínú. Wọ́n gbà, wọ́n yí ọ̀nà padà, wọ́n sì tẹra mọ́ kíkọ́ àlejò ní ìwà tó yẹ: kí wọ́n rọra, kí wọ́n kí èèyàn, kí wọ́n mọ̀ pé ọgbà olóhun làwọn wà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn ará Vermont lọ. Àwa tí a jẹ́ àlejò níbi tí a wà, àṣẹ tí wọ́n fún wa lónìí, wọ́n lè gbà á lọ́la. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì, ọ̀kan nínú wa, ọ̀kan nínú ọmọ ìlú, tí yóò máa lọ kí àwọn onílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí kò sí ìjà. Kí wọ́n bi wọ́n pé, “Kí ni ọ̀nà yìí ń ṣe yín?” Kí wọ́n sì tún un ṣe kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.