Magainin: Láti Awọ Àkèré Dé Ojú Egbò

Magainin ni orúkọ péptáìdì méjì tí Michael Zasloff rí lára awọ àkèré Xenopus laevis, ẹranko omi gúúsù Áfíríkà, tí ó sì kéde ní 1987. Ègé kékeré purotéènì ni péptáìdì; ámínò ásíìdì 23 péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan magainin. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda ni Zasloff wà nígbà náà, ẹyin àkèré ló sì ń wá fún iṣẹ́ mìíràn. Bó bá ti la ikùn àkèré, tó kó ẹyin, á rán an, á dá a padà sínú omi tó kún fún bakitéríà. Síbẹ̀, ojú ọgbẹ́ á jinná láìkẹ̀. Ìyẹn ló mú un wádìí awọ náà. Hans Boman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ti rí cecropin, irú péptáìdì bẹ́ẹ̀ mìíràn tó ń pa bakitéríà, lára àfòpiná ṣáájú. Ara ènìyàn pàápàá ń ṣe tirẹ̀, LL-37.

Iná pọ́sítíìfù wà lára magainin, nẹ́gétíìfù sì pọ̀ lójú awọ bakitéríà, nítorí náà wọ́n á fà mọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ péptáìdì náà tó bá ọ̀rá mu á wá rì sínú awọ yẹn, á dá a lu, ohun inú bakitéríà á sì jò dànù. Ojú òde sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní nẹ́gétíìfù tó bẹ́ẹ̀, kolẹ́sítírọ́ọ̀lù sì mú kí awọ rẹ̀ le. Magainin á fò ó dá. Ó nira fún bakitéríà láti pààrọ̀ gbogbo awọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní oògùn báyìí kò lè mọ́ ọn lára láéláé ń sọ àsọdùn: jíìnì mcr-1, tí wọ́n kéde ní Ṣáínà ní 2015, ti ń gba bakitéríà lọ́wọ́ colistin, oògùn tí òun náà ń lu awọ.

Títún magainin ṣe kí ó lè di oògùn ló le jù. Ẹ́ńsáìmù ara máa ń gé péptáìdì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí a bá sì fún un lágbára jù, á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, tàbí kí wọ́n fi ámínò ásíìdì tí ẹ́ńsáìmù kò dá mọ̀ rọ́pò ti àbáláyé. Pexiganan, ọmọ magainin, ní ámínò ásíìdì 22, lysine sì pọ̀ nínú rẹ̀ kí iná pọ́sítíìfù rẹ̀ lè lágbára sí i. Ìpara ni, fún egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ti ofloxacin, oògùn bakitéríà oníhóró, ṣùgbọ́n FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀ ọ́ ní 1999. Nínú àyẹ̀wò tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, kò sàn ju ìpara tí kò ní oògùn nínú lọ.

Ní 2019 nìkan, bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé. Àárín àwọn aláìsàn tí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ń bá jà, níbi tí hóró olówó pọ́ọ́kú ti kùnà, ló yẹ ká ti máa dán péptáìdì wò.